Pápá Ìlú àti Àwọn Ẹlẹ́sìn

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú, a máa ń rí ibì kan tí ìjọba tàbí ìgbìmọ̀ ìlú yà sọ́tọ̀ kí àwọn ará ìlú lè máa rí ibi ṣeré. Ní ibòmíràn, pápá bọ́ọ̀lù ni. Ní ibòmíràn, gbọ̀ngàn ńlá tí a ń ṣe ìpàdé àti ijó nínú rẹ̀ ni. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, ọgbà tí a gbin igi àti òdòdó sí ni, níbi tí àwọn àgbà ń jókòó láti gba atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́. Owó ará ìlú ni a fi ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí agbowó-orí sì wá gba owó náà, kò béèrè bóyá Mùsùlùmí ni ẹni tí ó ń sanwó, tàbí Onígbàgbọ́, tàbí abọ̀rìṣà. Ǹjẹ́ bí ìjọ kan bá wá bá ìgbìmọ̀ ìlú, tí ó kó owó sílẹ̀, tí ó ní òun fẹ́ háyà ibẹ̀ fún ọjọ́ kan, àti pé kí ẹnikẹ́ni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ òun má ṣe wọlé ní ọjọ́ náà, ṣé ó yẹ kí a gbà fún un? Èyí ni ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ní ìlú kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, a múra eré ìje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Àwọn ọmọ ń jí ní kùtùkùtù láti sáré kí agogo ilé-ẹ̀kọ́ tó lù. Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta náà pé, tí a kó wọn dé pápá ìlú nínú aṣọ funfun, okùn ni a bá tí wọ́n ta yí pápá ká. Wọ́n ti pa àgọ́ sí ojú ibi tí a fi ẹfun sàmì sí fún eré ìje, géńdé mẹ́rin sì dúró ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè káàdì ìjọ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé. Akọ̀wé tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ pápá ti gba owó lọ́wọ́ ìjọ náà. Ó ní òun ti gbàgbé pé ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà ti kọ ìwé sí òun ṣáájú wọn. Bóyá ó gbàgbé ní òótọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ìwé tiwa kò ní owó nínú.

Àwọn ọmọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà títí oòrùn fi mú, lẹ́yìn náà a kó wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré tí kò ṣeé ṣe ni ó dùn mí jù. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì, mo rí i pé àwọn ọmọ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí òbí wọn wà nínú ìjọ náà dá jókòó. Ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí òun gan-an wà lára àwọn tí ì bá sáré, ń sunkún. Ẹni tí ó gba owó tí kò wo ìwé rẹ̀ kò sí ní kíláàsì láti gba ìbínú tirẹ̀, nítorí náà orí àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ìbínú náà bọ́ sí.

A ní láti kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ó ni nǹkan àti alágbàtọ́. Bí bàbá kan bá kọ́ gbọ̀ngàn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ó sì ń fi í háyà fún àwọn tí ń ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, òun ni ó mọ ẹni tí yóò fún. Ìgbìmọ̀ ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Alágbàtọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ilé. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹbí mú kò lè sọ pé nítorí pé òun kò fẹ́ràn àwọn ọmọ orogún ìyá òun, òun yóò tì wọ́n mọ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn kí ó sì fún un ní pálọ̀ tí gbogbo wọn ń jókòó sí. Ibi méjì wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa ti ń wọ́: nígbà mìíràn, ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú ni ó ń ti ìjọ kan mọ́ta, nígbà mìíràn, ìjọ náà ni ó ń ti àwọn yòókù mọ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀làjú ni ó gbé irú ọ̀ràn báyìí dé. Bí Orò bá ń ké ní àwọn ìlú wa kan, obìnrin a wọlé, àlejò a wọlé, ọjà a tú. Gbogbo ìgboro a di ti awo fún ìgbà díẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó le ni wọ́n ń béèrè, nítorí náà wọn a kéde ṣáájú, wọn a sì dá ọjọ́ àti àkókò rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú di ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn ń gbé, ìkéde nìkan kò tó mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1999, ní Ṣágámù, wọ́n pa obìnrin Haúsá kan tí wọ́n ní ó jáde nígbà Orò. Ìjà tí ó tẹ̀lé e láàrin Yorùbá àti Haúsá gba ẹ̀mí púpọ̀, ó sì ràn títí dé Kánò. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí Orò, nítorí ẹni tí a kò mú ṣe awo kò gbọdọ̀ máa ṣàlàyé awo.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni n ó ti mú àwọn àpẹẹrẹ mi, nítorí pé ẹ̀sìn pọ̀ níbẹ̀ bí ewé, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì fẹ́ràn ẹjọ́. Bí wọ́n bá sì ti rò ó tán, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀. Àtúnṣe kìíní sí Òfin Ìpìlẹ̀ wọn, tí ó di òfin ní 1791, sọ ohun méjì nípa ẹ̀sìn: ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn kan ṣe ẹ̀sìn ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sìn bí ó ti fẹ́. Ó rọrùn láti kà. Ṣíṣe é ni ó le.

Ìlú kékeré kan wà tí a ń pè ní Havre de Grace, ní etí odò Susquehanna ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ìlú náà ní ọgbà ìgbafẹ́ kan. Kò sí òfin kíkọ tí ó sọ bí a ó ti ṣe fi í fún ènìyàn. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìpàdé níbẹ̀ yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń lò ó ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọdún 1949, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà tọrọ ibẹ̀ kí wọ́n lè sọ àsọyé Bíbélì fún ọjọ́ Ìsinmi mélòó kan. Wọn kò fún wọn. Wọ́n wá sí iwájú ìgbìmọ̀ ìlú láti bẹ̀bẹ̀. Ohun tí a gbọ́ pé àwọn ìgbìmọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn kì í ṣe iye ènìyàn tí yóò wá, tàbí ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n béèrè ìdí tí wọn kì í fi í kí àsíá orílẹ̀-èdè. Wọ́n béèrè bí wọ́n ti gba Bíbélì gbọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún kọ̀ fún wọn.

Àwọn Ẹlẹ́rìí náà lọ sí ọgbà láìgba àyè. Oníwàásù àkọ́kọ́ kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọlọ́pàá fi mú un. Ní ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, wọ́n mú ẹnìkejì. Wọ́n ní wọ́n da àlàáfíà ìlú rú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó jà, kò sí ẹni tí ó pariwo. Wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là 25 fún olúkúlùkù. Ẹjọ́ náà ń gòkè títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, níbi tí gbogbo àwọn adájọ́ ti fi ohùn ṣọ̀kan ní oṣù Kìíní ọdún 1951 pé ìdájọ́ náà kò lè dúró. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ọgbà ni àwọn aláṣẹ ń dáàbò bò. Àwọn ènìyàn náà àti ohun tí wọ́n ń sọ ni wọn kò fẹ́ràn. Bí kò bá sí òfin tí a fi ń díwọ̀n ìbéèrè, ohun tí ó wu ẹni tí ó jókòó sórí àga ni yóò di òfin.

Ní 1953, ẹjọ́ tí ó fara jọ èyí ti ìlú Pawtucket wá, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Níbẹ̀, òfin wà ní tirẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá ìpàdé ẹ̀sìn tàbí ti ìṣèlú sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ìlú. Ẹlẹ́rìí Jèhófà kan dìde sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí ó san dọ́là 5. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ gbà níwájú àwọn adájọ́ pé òfin náà kò dí àwọn Kátólíìkì lọ́wọ́ láti ṣe Máàsì níbẹ̀, tàbí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láti ṣe ìsìn tiwọn. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa wo ẹnu oníwàásù kí ó tó sọ pé ti ẹni yìí ni ìsìn, ti ẹni yẹn kì í ṣe ìsìn. Ẹ kíyè sí dọ́là 5 náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò san án, tí wọn yóò sì gba ilé wọn lọ.

Àwọn ọmọ òrìṣà pàápàá ti jẹ nínú èso irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ìlú Hialeah ní Florida, ìjọ Lukumí kan, tí ẹ̀sìn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà wá, sọ ní 1987 pé òun fẹ́ ṣí ilé ìsìn. Ìgbìmọ̀ ìlú sáré ṣe òfin tí ó ka fífi ẹran rúbọ léèwọ̀, síbẹ̀ wọn kò fọwọ́ kan alápatà. Ní 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní òfin náà kò bá Òfin Ìpìlẹ̀ mu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pápá ni èyí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ìjọba ni ó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí a ti fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó lè bá ìjọba tì í. Ìtàn Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Alabama, ni mo ń bọ̀ wá sọ, ìlú kan náà tí Rosa Parks ti kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní 1955. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú borí nínú ọ̀ràn bọ́ọ̀sì, wọ́n yíjú sí àwọn ọgbà ìgbafẹ́, nítorí òfin ìlú kò jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ lò wọ́n. Wọ́n pe ìlú lẹ́jọ́ ní 1958. Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà ní 1959, àwọn aláṣẹ ti ti gbogbo ọgbà pa. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: kàkà kí ọmọ dúdú bá ọmọ funfun ṣeré lórí koríko kan náà, wọ́n yàn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣeré mọ́. Ní ọgbà Oak Park, wọ́n fi erùpẹ̀ dí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì ta àwọn ẹranko tí àwọn ọmọdé ń lọ wò. Ó di 1965 kí wọ́n tó tún àwọn ọgbà náà ṣí.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun rí ibi ṣeré. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí YMCA, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ó ní àgọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ ní àkókò ọlidé. Àdéhùn kan sì wà láàrin òun àti ìlú, tí a kò kéde fún ará ìlú, nípa bí wọn yóò ti jọ pín iṣẹ́ eré ìdárayá ṣe. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, ó ní òun lè yan ẹni tí òun ń gbà. Ní 1969, wọ́n kọ ọmọdékùnrin dúdú méjì tí wọ́n fẹ́ lọ sí àgọ́ náà. Àwọn ẹbí wọn pe ẹjọ́. Ní 1970, àṣírí àdéhùn náà tú níwájú adájọ́, ó sì ní níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti gba iṣẹ́ ìlú ṣe, òfin tí ó de ìlú de òun náà. Orúkọ Kristi wà lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ọ̀ràn náà kò parí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba dúdú àti funfun pọ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó jẹ́ ti aláwọ̀ funfun nìkan bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ìlú Montgomery sì ń fún wọn ní pápá ìlú fún eré bọ́ọ̀lù wọn. Ní 1974, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ya ohun méjì sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: àdálò àti àjùmọ̀lò. Ìlú kò gbọdọ̀ fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní pápá kí ó dá a lò, nítorí owó tí wọn ì bá fi ṣe pápá tiwọn ni ìlú ń bá wọn fi pamọ́, tí wọ́n sì ń fi mú ìyàsọ́tọ̀ wọn lágbára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá sí ọgbà bí gbogbo ènìyàn ti ń wá, tí wọ́n wo ẹranko tí ẹlòmíràn náà ń wò, ilé ẹjọ́ kò fi òfin dè wọ́n lórí ìyẹn. Ó ní kí adájọ́ ìsàlẹ̀ tún un yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni ti Montgomery, kì í ṣe ti ìjọsìn, mo mọ̀. Ìjọ tí ó háyà pápá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò jọ ẹni tí kò fẹ́ rí ọmọ dúdú sójú. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kọ́ wa láti béèrè iye ìgbà tí a ń dá a lò, àti ohun tí ó kù fún àwọn yòókù. Ẹni tí a fún ní ọjọ́ kan, àlejò ni. Ẹni tí a fún ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ni ó ni pápá, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀kan wà tí èmi fúnra mi kò tíì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn sí. Ní Williamsburg, ní apá Brooklyn ní ìlú New York, àwọn Júù onítara ìsìn pọ̀. Ìsìn wọn kò sì jẹ́ kí obìnrin lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ọkùnrin wà. Láti àwọn ọdún 1990 ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú tí ó wà ní Metropolitan Avenue ti ní wákàtí tí ó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ní 2016, ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ fi ẹjọ́ sùn. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní àwọn yóò fòpin sí i. Àwọn ará àdúgbò figbe ta. Ọ̀rọ̀ náà kún inú ìwé ìròyìn. Níkẹyìn wọ́n fi wákàtí obìnrin sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ọkùnrin tí ó san owó orí kò yẹ kí ó dé ẹnu ọ̀nà adágún ìlú kí a sọ fún un pé kí ó padà nítorí ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ ní bí kò bá sí wákàtí náà, àwọn obìnrin wọ̀nyí kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ rárá, owó orí wọn náà sì wà nínú omi yẹn. Ohun kan wà tí ó fà mí sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà: “obìnrin” ni a kọ sí ẹnu ọ̀nà, a kò kọ “Júù.” Obìnrin Mùsùlùmí lè wọlé, aláìlẹ́sìn lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú táwẹ̀lì léjìká, tí ooru sì ń mú, bóyá n kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ní New York kan náà, ìjọ kan ní Bronx tọrọ gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní 1994 láti máa ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ogún ọdún ni wọ́n fi rojọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìlú lè kọ̀ fún wọn. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò gba ẹjọ́ náà wọlé. Síbẹ̀ ìlú kò lé àwọn ìjọ jáde. Mo rò pé àwọn agbẹjọ́rò ni ó jèrè jù níbẹ̀.

Ní ilé wa níhìn-ín, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 kò jìnnà sí ti Amẹ́ríkà. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn kan ṣe ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sìn, ní òun nìkan tàbí láàrin àwọn ẹlòmíràn. Abala 42 kò jẹ́ kí a fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹ wo Tafawa Balewa Square ní Èkó. Pápá eré ìje ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ tí a sì ta tiwa sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Ní 2006, ìjọ House on the Rock bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àjọ orin ìyìn níbẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, èyí tí wọ́n ń pè ní The Experience. Ìjọ kan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, ẹni tí orin bá sì wù lè wọlé. Ìyẹn kò jọ ti àwọn géńdé mẹ́rin tí ń béèrè káàdì.

Síbẹ̀, n kò ní dá àwọn oníkáàdì náà lẹ́bi tán. Bí a bá ń háyà gbọ̀ngàn ìlú fún ìyàwó, ṣé kì í ṣe ẹni tí a fún ní ìwé ìpè nìkan ni ó ń wọlé? Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ń ti ilẹ̀kùn ṣe ìpàdé níbẹ̀, kí ni ẹlẹ́sìn ṣe tí a kò fi ní gbà fún un? Ìlú tí ó bá ń gba gbogbo ènìyàn àfi ẹlẹ́sìn ti fi ìyà jẹ ẹlẹ́sìn. Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pápá ìlú kì í ṣe ojú ọ̀run. Pápá kan ni a ní, ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀. Nítorí náà ìwé akọ̀wé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí owó tí Mùsùlùmí yóò san jẹ́ iye kan náà tí Onígbàgbọ́ yóò san. Kí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè kọ́kọ́ gbà. Kí a ti yọ ọjọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í háyà èyí tí ó kù, kí a sì dá iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan lè dá a lò láàrin ọdún. Kí akọ̀wé má sì ṣe béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni gbà gbọ́. Kí ó béèrè ẹni tí yóò gbá ilẹ̀.

A sá eré ìje wa níkẹyìn, ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí ó sunkún ní kíláàsì ṣe ipò kejì. Nígbà tí mo tún kọjá ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ti gbé pátákó dúdú kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi ẹfun kọ orúkọ àwọn tí ó gba pápá sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye owó tí olúkúlùkù san. Mo rí orúkọ ìjọ náà lórí rẹ̀, fún ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá. Lókè orúkọ wọn gan-an ni wọ́n kọ ti ilé-ẹ̀kọ́ wa sí.